Ọ̀dọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù nínú baseball ní Amẹ́ríkà, ṣé kó ti girama bọ́ sí iṣẹ́ eré náà tààrà, àbí kó lọ yunifásítì ná?

Clayton Kershaw kò dúró rárá. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ní Texas ni ẹgbẹ́ Dodgers ti yàn án ní 2006. Ní 2008, ọmọ 20 ọdún, ó ti ń ju bọ́ọ̀lù ní líìgì tó ga jù.

Gerrit Cole ní tirẹ̀ kọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ Yankees yàn án ní 2008, ó gba yunifásítì UCLA lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ní 2011, òun ni ẹgbẹ́ Pirates yàn ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ tó kù, pẹ̀lú mílíọ̀nù 8 dọ́là.

Ọ̀nà Cole ni mo fara mọ́. Apá ọmọdé kì í ṣe irin. Bí iṣan ìgúnpá bá já, dókítà á yọ iṣan mìíràn lára, á lu ihò sí eegun, á fi ṣe àtúnṣe. Ó lè lé lọ́dún kan kó tó tún ju bọ́ọ̀lù.