Hítà ọkọ̀ ò gbóná mọ́: ṣé kí n fọ̀ ọ́ àbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń gba inú rédíétọ̀ kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Fáànù ló ń fẹ́ ooru rẹ̀ sí wa lára.

Fífọ rédíétọ̀ yìí kò wọ́n. Pípààrọ̀ rẹ̀ wọ́n gan-an, torí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n máa tú.

Bí omi rédíétọ̀ bá pé, ẹ rọra fọwọ́ kan rọ́bà méjèèjì tó wọ inú rédíétọ̀ kékeré yìí (ẹ ṣọ́ra, ó lè jó yín). Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, ó ṣeé ṣe kí ìdọ̀tí ti dí i: ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Àmọ́ bí kápẹ́ẹ̀tì iwájú bá ń rin, tí gíláàsì ń ṣú, tí òórùn bíi ti ṣúgà sì ń jáde, ó ti ń jò nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Fífọ̀ ò lè dí ihò.