PS4 Slim, PS5, Xbox Series S àbí Switch: èwo lẹ fẹ́ fowó yín rà ní Èkó yìí?

Àwọn tó ń bi mí pé "ẹ̀gbọ́n, géèmù wo ni kí n rà" ti wá pọ̀ jù, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi sinmi. Bàrígà ni mo ń gbé, mo ti ń gbá géèmù láti ayé PS2 àti Winning Eleven, ìgbà tá a máa ń lọ sanwó ní ilé géèmù, tí ẹni tí wọ́n bá nà máa dìde kíá kí ẹlòmíì jókòó. Mi ò bá ẹnikẹ́ni tajà o, owó àpò mi ni mo fi ra gbogbo èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, àfi Switch tó jẹ́ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo kàn máa ń bá a gbá a tí mo bá lọ kí wọn ní Sùúrùlérè ni.

Mi ò ní kọ iye owó síbí torí kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò dé Ìkẹjà ó ti yí padà. Ẹ ṣáà fi sọ́kàn pé owó PS5 tuntun kan lè ra PS4 Slim tòkunbọ̀ méjì, tẹ́ ẹ bá dẹ̀ mọ ọjà ná, ṣẹ́ńjì á ṣẹ́kù. Series S àti Switch wà láàárín.

Ẹ kọ́kọ́ wo ihò CD

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bèèrè pé èwo ló lágbára jù, èwo ló ń ṣe 4K, èmi ihò CD ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Xbox Series S ò ní in rárá. PS5 Digital ò ní. PS5 Pro tó jáde ní oṣù kọkànlá 2024 gan-an, pẹ̀lú gbogbo owó gọbọi tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀, wọn ò fi ihò CD sí i, ẹ máa rà á lọ́tọ̀ ni. Níbi tí dátà ti pọ̀ bí omi, ìyẹn ò burú, àmọ́ ní Èkó níbí ńkọ́? Mo ra God of War Ragnarök, mo gbá a tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo yá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣómólú, òun náà gbá a tán, ó dá a padà, mo wá gbé CD yẹn lọ sí Computer Village, mo fi ṣe pààrọ̀, mo fi owó díẹ̀ lé e, mo gbé òmíì bọ̀ wálé. Ṣé ẹ lè ṣèyẹn pẹ̀lú géèmù tẹ́ ẹ fi dátà fà wálẹ̀? Inú akáǹtì yín ló máa kú sí. Ká má tíì sọ ti dátà fúnra ẹ̀, Call of Duty kan ṣoṣo lè ju 100GB lọ, ẹni tí ò bá ní fáíbà nílé, tó jẹ́ pé háátísípọ́ọ̀tì fóònù ló ń lò, kó tó fà á tán owó dátà ẹ̀ ti lè ra CD yẹn.

Ohun míì tún wà ńbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí akáǹtì PSN, ìyẹn ojú íntánẹ́ẹ̀tì PlayStation tẹ́ ẹ ti máa ń ra géèmù tẹ́ ẹ sì ti ń gbá online, Nàìjíríà ò sí nínú ìlú tí wọ́n tò síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa Amẹ́ríkà tàbí UK la mú, gift card la dẹ̀ fi ń rajà níbẹ̀. Gift card Amẹ́ríkà ò ní wọ akáǹtì UK o! Mo mọ ẹni méjì tówó ẹ̀ ti bá bẹ́ẹ̀ lọ.

Iná ńkọ́

Èyí làwọn tó ń ṣe fídíò géèmù lókè òkun kì í sọ, torí iná ò kì í lọ lọ́dọ̀ tiwọn. PS4 Slim ń jẹ nǹkan bíi 80W tẹ́ ẹ bá ń gbá géèmù lọ́wọ́, Series S náà ò jìnnà síyẹn, PS5 máa ń sún mọ́ 200W, Switch tó wà lórí dọ́ọ̀kì ẹ̀ (ìdúró tó ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n) ò tiẹ̀ tó 20W. Ẹ wá fi tẹlifíṣọ̀n bíi 60W lé e. Ká ní bátìrì ínfátà yín jẹ́ 12V 200Ah, tẹ́ ẹ ò dẹ̀ fẹ́ lò ó kọjá ìdajì kó má bàa tètè kú, tí ínfátà fúnra ẹ̀ bá jẹ díẹ̀ níbẹ̀, PS5 máa gbé yín bíi wákàtí 4, PS4 Slim máa gbé yín tó 7. Ẹni tó bá wà ní Band A tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún lè fo ibí yìí, àwa yòókù ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ dáadáa.

Jẹ́nẹ́ kékeré yẹn, I better pass my neighbour, lè gbé gbogbo wọn, iná ẹ̀ ló máa ń gbọ̀n, torí náà ẹ wá sitabuláísà gidi. Àti pé kí iná máa ṣàdédé lọ lórí PS4 ò dáa fún háàdì dísìkì ẹ̀. Tí iná bá dé tẹ́ ẹ tan án, á kọ́kọ́ bínú sí yín, á ní ẹ ò pa òun dáadáa, bíi pé ẹ̀yin lẹ mú iná lọ, á wá máa yẹ inú ara ẹ̀ wò. Mo ti fi SSD, ìyẹn dísìkì tó yára, rọ́pò háàdì dísìkì tèmi, ó rọrùn, sínkúrú díẹ̀ lẹ máa tú, géèmù dẹ̀ ń tètè ṣí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

PS4 Slim

PS4 tí mo kọ́kọ́ rà kì í ṣe Slim, èyí tó sanra ti 2013 yẹn ni, tòkunbọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi pè mí ní "ọ̀gá mi" bí ìgbà ogún, ó tan án, iná búlúù tàn, orin ẹ̀ jáde, mo sanwó. Mo délé, mo ki CD bọ̀ ọ́, ó pọ̀ ọ́ jáde. Mo tún kì í, ó tún pọ̀ ọ́. Nígbà tó yá kò tiẹ̀ sí CD nínú ẹ̀ mọ́, ó ṣáà ń ké píì píì píì láàárín òru, ìyàwó mi ní kí n lọ gbé nǹkan yẹn síta. Mo gbé e padà, wọ́n nawọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tá a bá ti tà a kì í gbà á padà. Ẹni kan tó ń tún géèmù ṣe ló wá fi hàn mí pé rọ́bà kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀ tó ti wú, òun ló ń ti ibi tó ń lé CD jáde, ó yọ rọ́bà yẹn, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ariwo tán. Slim tó jáde ní 2016 ò ní wàhálà yẹn torí bọ́tìnnì tó ṣeé tẹ̀ ló wà lára ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé tó bá jẹ́ PS4 lẹ fẹ́, Slim ni o. Pro lágbára jù ú lọ lóòótọ́, àmọ́ ó ń jẹ iná, ọ̀pọ̀ nínú tòkunbọ̀ ẹ̀ tí mo ti gbọ́ ń hó bíi pé wọ́n fẹ́ gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ibi tó kù sí ni pé géèmù tuntun ti ń fi í sílẹ̀. FC 26 (bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní FIFA tẹ́lẹ̀) ṣì wà lórí ẹ̀, GTA V wà, Mortal Kombat 11 wà, àwọn géèmù àtijọ́ tó dùn pọ̀ tẹ́ ẹ lè fi ọdún mẹ́ta gbá kẹ́ ẹ má tíì gbá wọn tán. Àmọ́ Mortal Kombat 1 ò wá sórí ẹ̀, Spider-Man 2 ò wá, PS5 àti Xbox Series nìkan ni wọ́n dẹ̀ kéde GTA VI fún. Tó bá jẹ́ GTA VI lẹ̀ ń tìtorí ẹ̀ kó owó jọ, ẹ má ra PS4, ẹ ní sùúrù.

PS5

Ó dùn, kí n má purọ́. Ẹni tó bá ti jókòó ti GTA V lórí PS4 tó ń dúró kó ṣí, tó lọ bu omi mu, tó padà wá bá a tó ṣì ń ṣí, á mọ ohun tí SSD PS5 ṣe. Páàdì ẹ̀ náà, tẹ́ ẹ bá fa ọfà, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára ìka yín pé okùn yẹn ń le. CD PS4 yín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ páàdì PS4 ò lè gbá géèmù PS5 lórí ẹ̀, géèmù PS4 nìkan ló lè gbá, torí náà ẹ wá owó páàdì kejì sílẹ̀. Ó wọ́n!

Àyè inú PS5 àkọ́kọ́ jẹ́ 825GB, 667GB ló máa kù fún yín. Slim ti 2023 jẹ́ 1TB, ihò CD ẹ̀ dẹ̀ ṣeé yọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé wọn ò tíì yọ ọ́ tà lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Mo bẹ̀ yín, tí eruku bá wọ̀ ọ́, ẹ má kàn gbé e fún ẹnikẹ́ni tó bá ti mú sínkúrú dáfà dání. Irin olómi ni wọ́n fi sí àárín ọpọlọ ẹ̀ àti ibi tó ń tu ooru, tó bá dà sórí bọ́ọ̀dù, ó parí nìyẹn.

Xbox Series S

Ó kéré, ó dákẹ́, iná ẹ̀ ò pọ̀, àwòrán ẹ̀ dáa. Gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ nínú géèmù, wọ́n wá gbàgbé ihò CD. 512GB ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀, 364GB ló kù fún géèmù, ẹ wo Call of Duty kan àti FC kan àti ẹyọ NBA kan, ó ti kún. Bátìrì róbótó méjì ló wà nínú páàdì ẹ̀ bíi ti rìmóòtù, èmi fẹ́ràn ìyẹn ṣá, tó bá kú mo kàn yọ òmíì sí i ni, mi ò ní máa wá wáyà kiri.

Ìṣòro ẹ̀ gan-an ni pé ta lẹ máa bá gbá a? Ní àdúgbò mi, PS ni gbogbo ilé géèmù ń lò, PS làwọn ọ̀rẹ́ mi ní. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá wọn pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, FC ń jẹ́ kí Series S àti PS5 bára wọn gbá, àmọ́ Series S ò lè bá PS4 gbá, ìran kan náà ni wọ́n ń so pọ̀. Bẹ́ ẹ bá ra Series S, tó jẹ́ pé PS4 ni gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ yín ní, ẹ̀yin àti kọ̀ǹpútà lẹ máa máa na ara yín.

Switch

Tí ọmọdé bá wà nílé, ẹ wo ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ lè yọ ọ́ lórí dọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ máa gbá a lọ nínú ọkọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi Mario Kart 8 Deluxe dákẹ́ láti Third Mainland títí dé Ìkòyí nínú gosiló, ẹnikẹ́ni ò sunkún. Káàdì géèmù ẹ̀ kéré bíi èékánná, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan kíkorò pa á lára kí ọmọ má bàa gbé e mì. Mo tọ́ ọ wò. Ó korò ju ewúro lọ, ó wà lẹ́nu mi dalẹ́.

Bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀ ni mi ò fẹ́. Láti FIFA 20 sí FIFA 23, Legacy ni wọ́n ń pe ti Switch, ìyẹn ni pé wọ́n kàn ń pààrọ̀ jẹ́sì àti orúkọ àwọn tó ń gbá a, FC 24 ni wọ́n tó tún un ṣe. Ẹni tó jẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan ló ń gbá, ẹ má débẹ̀.

FC àbí eFootball

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń pè é ní FIFA, láti 2023 ló ti di FC. Orúkọ ẹgbẹ́ gidi, jẹ́sì gidi, òun ni gbogbo ilé géèmù ń lò, àmọ́ ọdọọdún lẹ máa tún un rà. eFootball ni PES tẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, nígbà tó jáde ní 2021 ó bà jẹ́ débi pé ojú àwọn tó ń gbá a ń rí ràdàràdà, wọ́n ti tún un ṣe, ó ti dùn báyìí, àmọ́ kò ní Master League, ibi tẹ́ ẹ ti máa ń darí ẹgbẹ́ tiyín láti ọdún dé ọdún, ìyẹn ṣì ń dùn mí. Ẹni tí ò tíì lówó géèmù rárá, ó wà lórí fóònù, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Èmi tó bá jẹ́ pé owó mi ò pọ̀, PS4 Slim ni màá rà. Tówó bá wà, PS5 tó ní ihò CD. Series S, àfi tẹ́ ẹ bá ní fáíbà.

Tẹ́ ẹ bá wá dé ọjà, Ìkẹjà tàbí Alábà, CD tiyín ni kẹ́ ẹ mú dání, kì í ṣe tiwọn. Ẹ gbá a tó ogún ìṣẹ́jú, kó gbóná, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn fáànù ẹ̀. Ẹ gbé páàdì sílẹ̀ lórí tábìlì láìfọwọ́ kàn án, tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù bá ń rìn lọ fúnra ẹ̀, sítíìkì yẹn ti kú. Ẹ fi háátísípọ́ọ̀tì yín wọlé sórí PSN, torí wọ́n ti fòfin de àwọn kan, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé láéláé, àwọn tí wọ́n ti kràkì tí wọ́n kó ogójì géèmù sí náà, ẹ má retí pé ẹ máa fi gbá online. Tí ẹni tó ń tà á bá wá ń kánjú, tó ń ní "ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sanwó kí NEPA tó mú iná lọ", ẹ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ sọ fún un pé ẹ ò tíì gbá half time.