Maggie's ní Barts: wọ́n bá mi tú àpò lẹ́tà

Ọ̀fẹ́ ni Maggie's, ilé tí wọ́n ti ń ran àwọn tí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ kàn lọ́wọ́, ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn Barts ní London. Ẹ kò nílò lẹ́tà dókítà kí ẹ tó wọlé, ẹ kò sì ní láti ti dá ọjọ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ bá ti kàn, ìbáà ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe, ìbáà ṣe ọkọ tàbí ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ ibẹ̀. Mo fi èyí ṣáájú torí mo mọ àwọn obìnrin Yorùbá láti Barking dé Dagenham tí wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé yìí kọjá bí wọ́n bá ń lọ gba ìtọ́jú ní Barts, tí wọ́n rò pé kò kan àwọn. Èmi ò tilẹ̀ gba ìtọ́jú tèmi ní Barts rárá. Wọn ò torí ìyẹn lé mi.

Ìtọ́jú mi ti parí nígbà tí mo lọ. Wọ́n ti gé ọyàn kan, mo ti gba kímò, mo ti gba ìtọ́jú onítànṣán, a ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn ti jẹ ìrẹsì, wọ́n ti lọ sílé wọn. Lójú gbogbo ayé, ó ti tán. Ìgbà náà gan-an ni lẹ́tà wá ń rọ́ wọlé. Anastrozole ni mo ń lò, oògùn tí kò ní jẹ́ kí jẹjẹrẹ ọyàn padà wá, hóró kan lójúmọ́ fún ọdún márùn-ún. Oògùn yẹn a máa jẹ́ kí egungun di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, nítorí náà wọ́n ní láti yẹ egungun mi wò, wọ́n sì ń fa zoledronic acid, oògùn tó ń mú egungun le, sí mi lára ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, dókítà eyín ní láti wo ẹnu mi, torí oògùn náà lè ba egungun àgbọ̀n jẹ́. Mammogram, àwòrán ọyàn, ń bẹ lọ́dọọdún. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Apá òsì mi tó ń wú ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n, lẹ́tà kan kò sì mọ̀ pé èkejì ń bọ̀.

NHS, ètò ìlera ìjọba, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi fún gbogbo ìyẹn, mo sì ń dúpẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ ló ń gbà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ń ṣe: ẹni tí kò bá wá, kò lówó. Lẹ́tà iná, ti gáàsì, ti council tax àti ti owó ilé wá dà pọ̀ mọ́ ti ilé ìwòsàn nínú àpò kan náà, débi pé bí mo bá gbọ́ tí lẹ́tà jábọ́ lẹ́nu ọ̀nà, àyà mi á já.

Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí jẹjẹrẹ ti ṣe rí ló mú mi débẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò fẹ́ lọ tọrọ owó lọ́wọ́ òyìnbó o." Wọ́n ní, "Ta ló ní kí o tọrọ? Ṣebí ò ń san owó orí? Gbé àpò yẹn, ká lọ."

Kò sí kántà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò fún wa ní nọ́ńbà pé ká lọ jókòó dè wọ́n. Tábìlì ńlá tó wà ní ilé ìdáná la jókòó sí, wọ́n bi wá bí a ṣe ń mu tíì. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó mọ̀ nípa owó ìrànwọ́ ìjọba wá jókòó tì mí. Kò tíì mẹ́nu ba owó. Ó da gbogbo lẹ́tà sílẹ̀, ó ní ká máa yà wọ́n: ti ilé ìwòsàn síhìn-ín, ti ibi iṣẹ́ sọ́hùn-ún, ti gbèsè níwájú mi, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá sínú garawa ìdọ̀tí. Bí a ṣe ń to ti ilé ìwòsàn tẹ̀ léra ni a rí i pé wọ́n fẹ́ kí n wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí n tún padà wá gba oògùn ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ó ní kí n pe nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó mi, kí n béèrè bóyá wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ náà ní ọ̀dọ̀ GP mi, dókítà àdúgbò, nítòsí ilé. Ibẹ̀ ni mo ti pè é. Ó gbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba ọjọ́ iṣẹ́ kan padà.

Ẹni tó jókòó tì mí wá bi mí bóyá mò ń sanwó oògùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. £9.90 ni oògùn kọ̀ọ̀kan ní England láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, tèmi kì í sì í ṣe ẹyọ kan, torí ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti oṣù kẹrin ọdún 2009 ni ẹni tó ń gba ìtọ́jú nítorí jẹjẹrẹ, tàbí nítorí ohun tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ dá sílẹ̀ lára rẹ̀, ti lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé tí kò ní jẹ́ kó sanwó oògùn mọ́. FP92A ni fọ́ọ̀mù náà, ọ̀dọ̀ GP ló ń gbà kọjá. Ọdún márùn-ún ni ìwé náà fi ń ṣiṣẹ́, ó sì kan gbogbo oògùn tí NHS bá kọ fúnni, ti ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú. Nínú gbogbo ibi tí mo ti gba ìtọ́jú, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ó dùn mí. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà wọ́n.

Ó bá mi kọ lẹ́tà sí ibi iṣẹ́. Òfin Equality Act ti ọdún 2010 ka ẹni tó ní jẹjẹrẹ mọ́ àwọn tí ibi iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ torí àìlera fi ìyà jẹ, láti ọjọ́ tí dókítà bá ti sọ ọ́, ààbò yẹn kò sì kúrò lẹ́yìn ìtọ́jú. Òfin náà kò sọ pé kí wọ́n sanwó ọjọ́ tí n kò wá. Ó fún mi láyè láti béèrè pé kí wọ́n pààrọ̀ ọjọ́ náà fún mi, kí n má pàdánù rẹ̀. A jọ wo fọ́ọ̀mù PIP náà, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí àìsàn mú kí ìgbé ayé nira fún. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè béèrè fún un. Bí ìgbé ayé ṣe nira tó fún yín ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo iye tó ń wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà, ibí yìí kàn yín. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí físà yín pé ẹ kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù PIP tàbí ti Universal Credit, owó ìrànwọ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, láìgba ìmọ̀ràn, ó lè kó bá físà yín. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú NHS kò sí lára owó ìrànwọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ yín ló tilẹ̀ ti san owó ìlera mọ́ owó físà. Ẹ gba ìwé oògùn yín.

Maggie Keswick Jencks, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé náà, ní jẹjẹrẹ ọyàn fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé jẹjẹrẹ náà ti padà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fèrèsé ni wọ́n ní kó lọ jókòó sí. Ó kú ní 1995, wọ́n ṣí ilé àkọ́kọ́ ní Edinburgh lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ti Barts yìí ṣí ní 2017. Gíláàsì funfun tí àwọ̀ oríṣiríṣi wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi bò ó, ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé láti ibi gbogbo. Ọgbà wà lórí òrùlé rẹ̀. Èmi ò débẹ̀ rí. Tábìlì ni mo wá fún.

Wọn kì í ṣí ní Sátidé àti Sunday, aago mẹ́sàn-án sí márùn-ún ni, Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ lè ti ibi iṣẹ́ gba ibẹ̀ lọ láàárọ̀. Bí ọ̀rọ̀ owó lẹ bá fẹ́ sọ, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí ẹ mọ ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ wà. Ẹ kó gbogbo lẹ́tà dání, àti èyí tí ẹ kò tíì já, àti ìwé owó iṣẹ́, àti nọ́ńbà National Insurance yín. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin Barbican, Farringdon tàbí St Paul's lẹ lè bọ́ọ́lẹ̀ sí.