Wíìlì alumíníọ̀mù fún kẹ̀kẹ́ gravel: Shimano, Hunt àbí DT Swiss?

Kẹ̀kẹ́ gravel, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà olókùúta tí kò ní ọ̀dà, bí owó rẹ̀ kò bá ga jù, ara wíìlì ni àwọn tó ṣe é ti sábà máa ń wá owó dín. Férémù á dára, jíà á dára, ṣùgbọ́n wíìlì á wúwo bí ọlọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Mẹ́rin ni mo fẹ́ kó síwájú yín: Shimano WH-RX570, Hunt 4 Season Gravel X-Wide, àti méjì láti ọwọ́ DT Swiss, ìyẹn G 1800 àti GR 1600. Alumíníọ̀mù ni gbogbo wọn, bíréèkì díìsìkì ni wọ́n ń lò, wọ́n sì gba táyà tí kò ní túùbù. South Downs Way ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ jù, ọ̀nà 160 kìlómítà láti Winchester dé Eastbourne. Ẹfun ni ilẹ̀ ibẹ̀, òkúta flint tó mú bí abẹ sì fọ́n ká orí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹfun yẹn a máa yọ̀ bí ọṣẹ. Ojú ọ̀nà yìí ni mo fi ń wọn wíìlì, kí ẹ tètè mọ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ti kábọ́ọ̀nù. Owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Bí ríìmù alumíníọ̀mù bá gbá òkúta, ó ń tẹ̀ wọnú; kábọ́ọ̀nù ń sán. Ríìmù ẹ̀yìn mi ti gbá flint rí débi pé etí rẹ̀ tẹ̀ bí etí abọ́ páànù. Mo jókòó sínú koríko, mo fi sípánà tẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀, mo fún táyà ní afẹ́fẹ́, mo sì gùn ún délé. Ó ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ títí dòní. Kò lẹ́wà mọ́, àmọ́ kò jo afẹ́fẹ́.

Ìwọ̀n tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń wò

RX570 àti Hunt wà ní nǹkan bíi 1,700 gíráàmù fún méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn. GR 1600 jẹ́ nǹkan bíi 1,750. G 1800 ló wúwo jù, ó súnmọ́ 1,900. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó fúyẹ́ jù àti èyí tó wúwo jù: nǹkan bíi 200 gíráàmù. Omi inú ọ̀rá pure water kan jẹ́ 500. Ẹni tó wọn kìlò 75, tó gun kẹ̀kẹ́ kìlò 10, tó so ìgò omi méjì mọ́ ọn, kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí lójú ọ̀nà, àyàfi bó bá ń sáré ìdíje tó ń dúró tó ń tún gbéra ní gbogbo ìgbà. Èmi kì í san 200 pọ́n-ùn lé e torí 200 gíráàmù.

Fífẹ̀ inú ríìmù

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ wò kí ẹ tó wo ìwọ̀n. RX570 fẹ̀ ní 21.6 mílímítà nínú, DT Swiss méjèèjì jẹ́ 24, Hunt jẹ́ 25. Táyà 35 tàbí 40 jókòó dáadáa lórí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lo 45 sókè, orí ríìmù tóóró á mú kí táyà yọ ikùn bíi gílóòbù iná: ìsàlẹ̀ há, òkè wú. Bí ẹ bá dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù kó lè rọ̀ lórí òkúta, á bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì bí ẹ bá ti ń yà. Orí 24 tàbí 25, ẹsẹ̀ táyà yà dáadáa, ẹ sì lè dín afẹ́fẹ́ kù láìbẹ̀rù. Ẹ rántí pé ríìmù tó fẹ̀ jù á fẹ táyà náà, nítorí náà, ẹ fi ìka wọn àyè tó wà láàárín táyà àti férémù ná. Ẹrẹ̀ náà nílò ibi tí yóò gbà kọjá.

Ìkọ́ tó wà létí ríìmù, tó ń di ẹsẹ̀ táyà mú, ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ríìmù kábọ́ọ̀nù tuntun kò ní in mọ́, òfin wọn sì ni pé afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá 5 bar (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), táyà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Alumíníọ̀mù ṣì ní ìkọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìrònú kan kúrò lọ́rùn yín nìyẹn.

Họ́ọ̀bù, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Họ́ọ̀bù ni àárín wíìlì, ibi tí sípóòkù ti ń jáde. Ẹni tó bá ti rí i kí wọ́n tú họ́ọ̀bù Raleigh àtijọ́ palẹ̀ mọ ohun tó wà nínú RX570. Bọ́ọ̀lù irin wẹẹrẹ wẹẹrẹ ló wà níbẹ̀, gíríìsì yí wọn ká, kóònù, irin ṣóńṣó kan, sì dè wọ́n mọ́lẹ̀. Shimano kò fi ọ̀nà yìí sílẹ̀. Ẹ tú u, ẹ nu ún, ẹ kó bọ́ọ̀lù tuntun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan sí i, ẹ fi gíríìsì sí i, ẹ dè é padà; ó tún di tuntun. Ibi tó ti léwu ni pé bí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ tí ẹ sì ń gùn ún lọ, ara họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù yóò jẹ, ìyẹn kò sì ní àtúnṣe. Ọ̀lẹ kò gbọ́dọ̀ ra RX570.

Bẹ́rìn olódidi ni ti àwọn mẹ́ta yòókù. Ẹ kò ní máa tú u ká. Ẹ ń lò ó títí yóò fi máa hùn, ẹ ó wá lù ú jáde, ẹ ó lu tuntun wọlé. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ṣì mọ́ tónítóní.

GR 1600 ló ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ níbi họ́ọ̀bù ẹ̀yìn. Òrùka irin méjì eléyín ló kọjú síra wọn nínú rẹ̀, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n pọ̀. Ọwọ́ lásán ni ẹ fi máa fa ìdérí rẹ̀ yọ: ẹ nu ún, ẹ kun ún, ẹ dé e padà, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí owó bá wà, ohun tí mo lè tìtorí rẹ̀ san owó GR 1600 nìyí, kì í ṣe fífúyẹ́.

Sípóòkù

Ti Hunt ní orí tó tẹ̀ kọdọrọ bíi ti kẹ̀kẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, wọ́n sì máa ń fi àpamọ́ díẹ̀ kún un nínú páálí. Bí ẹ bá ní í lọ́kàn láti gbé kẹ̀kẹ́ yín lọ sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo lọ́jọ́ kan, ẹ má fojú kékeré wo èyí. Kò sí atúnkẹ̀kẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà tí sípóòkù olórí títẹ̀ máa ṣe àjèjì sí. Èyí tó gún tọọrọ lè dá yín dúró níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Jíà ẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ kékeré tó ti ná mi lówó: mo ra wíìlì, ó dé, jíà mi kò wọ̀ ọ́. Jíà tó bá ìlànà Shimano tí wọ́n ń pè ní HG mu nìkan ni RX570 gbà. Bí jíà SRAM XPLR 10-44 (eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 10 dé 44) lẹ bá ń lò, XDR lẹ nílò, ìyẹn irú ojú họ́ọ̀bù tí jíà náà ń wọ̀; ẹ wá a lára Hunt tàbí DT Swiss, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àṣẹ ìrajà kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún wo irin àárín, nípọn àti gígùn rẹ̀ ní mílímítà: 12×100 níwájú, 12×142 lẹ́yìn ló wọ́pọ̀.

Èwo ni kí ẹ rà? Táyà yín kò kọjá 40, ẹ kì í sì í ṣe ọ̀lẹ láti tú nǹkan: RX570. Owó kò tó, ìwúwo kò sì dà yín láàmú: G 1800. Òjò, ẹrẹ̀, táyà ńlá: Hunt, òun ni mo ń gùn. GR 1600 wà fún ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

RX570 àti G 1800 tún wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó yọ wọ́n lára kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọn kò tilẹ̀ tíì gùn, tí wọ́n sì ń tà wọ́n. Bí ẹ bá lọ wò ó, ẹ di irin àárín rẹ̀ mú, ẹ yí i, kí ẹ fi ìka gbọ́ bóyá ó ń hùn. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ìdí sípóòkù níbi tó ti wọ ríìmù. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun níbẹ̀, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ti wọ̀ ọ́. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.