Àyẹ̀wò ara fún àwọn bàbá ní Kétu: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Èmi náà wà lára àwọn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa tó lọ dúnàá-dúrà pẹ̀lú ilé ìwòsàn aládàáni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, nítorí náà bí mo bá ń bá wọn wí, mo ń bá ara mi wí mọ́ ọn. Awakọ̀ ni mí. Ọdún 31 ni mo fi gbé èrò láti Kétu nílẹ̀ Benin lọ sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, nínú Peugeot 504, mo sì ń mu sìgá ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kí oorun má baà gbé mi lójú ọ̀nà. Mo ti pé ọdún 67 báyìí.

Àbúrò mi tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó pé ọdún 65, ni wọ́n bá kọ lẹ́tà sí i pé kó wá kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ikùn rẹ̀. Kò ṣàìsàn o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún tí wọ́n bá pé 65. 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi di 2013, ó ti kárí gbogbo ilẹ̀ náà. Iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn gba àárín ikùn kọjá ni wọ́n ń wò. Ó máa ń wú lára àwọn àgbà ọkùnrin kan, pàápàá ẹni tó ti mu sìgá, bí ẹ̀gbẹ́ táyà tó ti gbó ṣe ń yọ kókó. Kì í sábà dun onítọ̀hún títí yóò fi bẹ́. Èmi tí mo ti rí táyà tó bẹ́ lójú ọ̀nà Pobè, n kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbé e dé ẹgbẹ́ wa. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ wà, ọjọ́ aboyún wà, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Ọjọ́ bàbá kò sí. Ọ̀kan nínú wa ní bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe rí: ọkùnrin ló ń ru ère, ọkùnrin ló ń làágùn, àwọn ìyá là ń yẹ́ sí. A rẹ́rìn-ín, a sì dá owó. Oníkálukú mú 3.000 sẹ́fà wá, àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi fi 12.000 kún un lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwòsàn náà ní àwọn yóò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn yóò wo ṣúgà, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ fún ti pròsítéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, wọn yóò sì ṣe ẹkográfì ikùn, ìyẹn ni pé wọn yóò fi ẹ̀rọ wo inú ikùn. Ẹni tó bá ti sanwó ẹkográfì nìkan rí yóò mọ̀ pé 15.000 kò wọ́n.

Wọ́n ní ká má jẹun. Láti aago méje la ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ iléèwé, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọkọ̀ wọn kò dé títí aago mẹ́wàá fi kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn bàbá 38, ebi ń pa wá! Ọ̀kan yọ́ lọ sẹ́yìn iléèwé, ó lọ ra àkàrà. Nígbà tí wọ́n wo ṣúgà rẹ̀, ó ga débi pé nọ́ọ̀sì ti ń wá bíírò láti kọ oògùn fún un. Epo tó ń dán létè rẹ̀ ló tú u fó.

Èyí tó dùn mí jù ni ti èdè. Faransé àti Fọ̀n ni àwọn nọ́ọ̀sì méjèèjì ń sọ, wọn kò gbọ́ Yorùbá rárá. Àwa mẹ́ta kò sì béèrè nígbà tí à ń dúnàá-dúrà. Ni wọ́n bá fi èmi ṣe ògbufọ̀. Ó ń lọ dáadáa títí ó fi kan àna mi, bàbá ìyàwó àkọ́bí mi. Nọ́ọ̀sì ní kí n bi í bóyá ó máa ń dìde tọ̀ lóru, ẹ̀ẹ̀melòó, bóyá ìtọ̀ náà ń kán tó tó tó, bóyá ohun ọkùnrin rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ta ló ń bi àna rẹ̀ ní irú ìyẹn? Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ó ní òun sùn dáadáa. Mo yíjú sí nọ́ọ̀sì, mo ní kò sí ìṣòro kankan. Ó tó wákàtí méjì kí ọkàn mi tó gbé mi padà lọ jẹ́wọ́ fún dókítà. Wọ́n wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò bá wa tan láti bi bàbá léèrè lákọ̀tun. Aṣọ tí wọ́n ta ṣe ìkélé kò ràn wá lọ́wọ́ náà, gbogbo ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ló ń gbé e sókè.

Ẹ bá mi kí ọkùnrin tó ń ṣe ẹkográfì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ń mú oje tí wọ́n ń fi pa ikùn lọ́ wọ́ọ́wọ́ kó tó fi kàn wá lára. Ó yí ẹ̀rọ sí mi kí èmi náà lè rí i. Iṣan mi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ó ní tí kò bá tíì pé 3, kí n máa lọ sílé. Láti 3 sókè, wọn yóò máa ṣọ́ ọ. Tó bá dé 5,5, ó di ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí mo ṣe ń yọ̀ nítorí gbogbo sìgá mi, ó nawọ́ sí ìwé ẹ̀jẹ̀ ríru mi, 170 lórí 100, ó ní, "Papa, èyí lẹ máa mójú tó." Oògùn rẹ̀ ni mò ń lò báyìí.

Lórí pròsítéètì, abẹ́rẹ́ ṣáájú àlàyé. Àbúrò mi sọ fún mi pé lọ́dọ̀ wọn pàápàá, wọn kì í pe gbogbo ọkùnrin fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí. Nọ́ńbà tí àyẹ̀wò náà ń gbé jáde lè ga nítorí pé pròsítéètì kàn tóbi, tàbí nítorí kòkòrò inú ìtọ̀. Ó sì lè wà nílẹ̀ kí jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pé 50 lè béèrè fún un, wọn yóò ṣàlàyé fún un kó tó na apá. Ó fi kún un pé nínú ọkùnrin dúdú mẹ́rin lọ́hùn-ún, jẹjẹrẹ pròsítéètì lè kan ọ̀kan, nítorí náà kí n má ṣe fi ṣeré.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ya fọ́tò ìwé gbogbo wa, wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi. Mo wá mọ inú gbogbo ẹgbẹ́ mi bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀! Nọ́ńbà pròsítéètì àwọn méjì kọjá 4, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní Faransé pé kí wọ́n tún un wò. Níbo? Lọ́dọ̀ ta? Mo pè wọ́n, wọ́n ní dókítà ìtọ̀ èyíkéyìí. Bí ẹni pé wọ́n ń tà á lọ́jà Kétu. Èmi ni mo gbé àwọn méjèèjì, a gba Pobè, a gba Sakété, a gba Àjàṣẹ́, a dé CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Kùtọnù. Wọ́n ní ti ọ̀kan kàn tóbi ni, wọ́n fún un lóògùn. Wọ́n ṣì ń yẹ ti èkejì wò lọ́wọ́. Kò sí ìlà kan nínú àdéhùn wa tó sọ ibi tí ẹni tí wọ́n bá rí nǹkan lára rẹ̀ yóò gbà. A gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, a kò wá mẹkáníìkì sílẹ̀.

Wọ́n pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn fẹ́ tún wá lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, pé àwọn yóò gbà 13.000. Mo ní kí wọ́n fi 15.000 wọn sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n mú ẹni tó gbọ́ Yorùbá dání, kí ìwé oníkálukú wà nínú àpòòwé tirẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ dókítà tí a máa lọ bá sílẹ̀ kí a tó sanwó, kí wọ́n sì dé ní aago méje. Wọ́n ní àwọn yóò pè mí padà. Àna mi ní bí wọ́n bá ń bọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí n jókòó sílé ní tèmi.