Máòsì wo ló yẹ kẹ́ ẹ rà tí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn yín: ti gbogbo ayé, èyí tó dúró lóòró, oníbọ́ọ̀lù àbí trackpad?

Iṣẹ́ ìwé títò ni mò ń ṣe, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ètò ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, gbogbo ohun tí wọ́n máa gbé lọ tẹ̀ ní Ṣómólú. Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lójúmọ́ ni máòsì fi ń wà lọ́wọ́ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú lóru, màá jí ní nǹkan bí aago mẹ́ta, àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ò ní mọ nǹkan kan lára mọ́, màá wá máa gbọn ọwọ́ bí ẹni ń gbọn omi dànù títí á fi jí padà. Látìgbà yẹn ni mo ti ń ra máòsì lóríṣiríṣi, mo ń yá tọ̀rẹ́ lò, ohun tó sì yé mi ni pé "èwo ló dáa jù?" kọ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ béèrè. Ibo gan-an ló ń dùn yín? Torí máòsì tó gba ẹnì kan sílẹ̀ lè dá kún ti ẹlòmíì.

Ẹ gbé ọwọ́ yín lé tábìlì ná, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi bó ṣe wù ú. Ṣé ẹ rí i pé kì í dojú bolẹ̀ pátápátá? Ó máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, bí ìgbà téèyàn fẹ́ bọ èèyàn lọ́wọ́. Egungun méjì ló wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, tẹ́ ẹ bá ti da àtẹ́lẹwọ́ bolẹ̀ ọ̀kan á ré kọjá lórí ìkejì, ẹran ara ibẹ̀ á máa fà, bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tẹ́ ẹ bá tún wá gbé ọrùn ọwọ́ lé etí tábìlì, ọwọ́ á tẹ̀ sókè, ibẹ̀ sì ni ihò tóóró kan wà tí àwọn iṣan tó ń fa ìka ń gbà kọjá, pẹ̀lú èyí tó ń jẹ́ kí àtàǹpàkò, ìka kejì, ìka àárín àti ìdajì ìka kẹrin mọ nǹkan lára. Tí ibẹ̀ bá wú tó fún un pa, òun làwọn dókítà ń pè ní carpal tunnel. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìka kẹrin àti ọmọńdinrín ló ń kú, iṣan míì nìyẹn, ìgúnpá ló sábà máa ń ti wá, ẹ yáa wo bẹ́ ẹ ṣe ń fi ìgúnpá gún ọwọ́ àga kẹ́ ẹ tó náwó sórí máòsì kankan.

Máòsì ti gbogbo ayé

Igi ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́, Douglas Engelbart àti Bill English ló ṣe é ní Kalifóníà ní 1964, àtìgbà yẹn la ti ń da ọwọ́ bolẹ̀ dì í mú. Fún iṣẹ́ fínnífínní kò tíì sí èyí tó yá lọ́wọ́ mi tó o. Tí nǹkan kan ò bá dùn yín, ẹ má wulẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ṣáà ti ra èyí tó kún ọwọ́ yín. Àwọn pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń tà fún inú báàgì láptọ̀ọ̀pù yẹn ni kẹ́ ẹ sá fún, ìka lẹ máa fi há a mú láti àárọ̀ dalẹ́.

Èyí tó dúró lóòró

Òun ni mo máa ní kí ẹni tí apá ń dùn láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ kọ́kọ́ gbìyànjú, torí ó ń jẹ́ kí ọwọ́ wà ní ipò ìbọwọ́ yẹn. Nínú ti ilé iṣẹ́ Logitech, MX Vertical àti Lift, dígírì 57 ni àwọn méjèèjì fì sí, ìwọ̀n wọn ló yàtọ̀. Ẹ mú rúlà, kẹ́ ẹ wọn ọwọ́ yín láti ilà ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín. Tí kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 19 lọ, Lift ni kẹ́ ẹ wò, tó bá jù bẹ́ẹ̀, MX Vertical. Ẹ má fojú kéré wíwọ̀n yìí, àbúrò mi obìnrin lo MX Vertical tèmi fún ọ̀sẹ̀ kan, ìka ẹ̀ ò dé bọ́tìnì dáadáa, ó ń nà án, ó ń nà án, ìgbà tó máa fi dá a padà ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀ ti ń ro ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo òsì, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni MX Vertical wà fún, Lift ní ti ọwọ́ òsì, ilé iṣẹ́ Evoluent náà ń ṣe é.

Àbùkù ẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ lẹ ń tẹ bọ́tìnì sí, kò dà bí èyí tẹ́ ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ líle, máòsì á yọ̀ díẹ̀, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mú á bọ́. Ó gbà mí ní bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo apá lẹ sì máa fi ń tì í kiri, ẹni tó jẹ́ èjìká ló ń dùn ún ò ní rí ìtura níbẹ̀.

Oníbọ́ọ̀lù

Èyí ni ti ẹlẹ́jìká, àti ti ẹni tí tábìlì ẹ̀ kéré, torí ojú kan ló ń jókòó sí, bọ́ọ̀lù nìkan lẹ ń yí. Àmọ́ oríṣi méjì ló wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Logitech M575 àti MX Ergo, àtàǹpàkò ló ń yí i. Ti ilé iṣẹ́ Kensington, Expert Mouse àti SlimBlade, bọ́ọ̀lù ńlá tó wà láàárín ni, ìka méjì mẹ́ta lẹ fi ń yí i, ọ̀tún tàbí òsì ló sì gbà.

Ẹni tó ti ń fi àtàǹpàkò tẹ WhatsApp látàárọ̀ kó rò ó dáadáa kó tó ra ti alátàǹpàkò. Ẹ ká àtàǹpàkò sínú ìkúùkù, kẹ́ ẹ rọra tẹ ọrùn ọwọ́ sí apá ọmọńdinrín. Tó bá gún yín wọra nídìí àtàǹpàkò, ẹ fi M575 sílẹ̀ fún olówó ẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó, ti Kensington ni kẹ́ ẹ wá.

Ó tún fẹ́ ìtọ́jú. Nígbà ọyẹ́ ti alátàǹpàkò tí mo ní bẹ̀rẹ̀ sí í há, ọfà ojú síkírìn á lọ, á dúró, á tún fò. Mo dojú ẹ̀ délẹ̀, mo fi ẹ̀yìn báírò ti bọ́ọ̀lù jáde látinú ihò ìsàlẹ̀ ẹ̀, kí n wo inú, ìdọ̀tí ti ká rúbúrúbú sórí àwọn kókó funfun mẹ́ta tí bọ́ọ̀lù ń jókòó lé, epo ara àti eruku tó ti dì pọ̀. Mo fi èékánná yọ ọ́, mo nu bọ́ọ̀lù náà, ló bá ń yí geere. Ní ilé eléruku, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

Trackpad àti kálámù

Fún kíkàwé àti yíyí ojú ewé, trackpad, ìyẹn pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ ń fi ìka ra bíi ti ara láptọ̀ọ̀pù, dùn, ọwọ́ ò ní há nǹkan kan mú. Ẹ má fi fa nǹkan láti ibì kan dé ibòmíì lójoojúmọ́ ṣáá, ìka kan tẹ́ ẹ ń nà sókè yẹn á rojọ́ nírọ̀lẹ́. Kálámù Wacom, èyí tẹ́ ẹ ń fi yàwòrán lórí pátákó tó so mọ́ kọ̀ǹpútà, dáa fún ayàwòrán tí kò bá ń fún un pinpin.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé Lift wà lápá ọ̀tún, Kensington wà lápá òsì, tó bá di ọ̀sán mo máa ń pààrọ̀ ọwọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sùn mọ́jú, ju ẹyọ kan péré lọ nínú wọn. Tí ọwọ́ bá ń kú síbẹ̀, tàbí tí ife bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ lọ rí dókítà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti máòsì nìyẹn.

Ti iná náà ńkọ́? Lift àti M575, bátìrì AA ẹyọ kan ni wọ́n ń lò, ó sì máa ń pẹ́ gan-an. MX Vertical, ẹ máa ṣáájì ẹ̀ ni, power bank náà á ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ gbé láptọ̀ọ̀pù yín dání. Mo ti ra ọ̀kan rí lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò jẹ́ kí n ṣí páálí, orúkọ ńlá wà lára ẹ̀, wíìlì ẹ̀ ò pé oṣù kan tó fi ń yí sókè nígbà tí mò ń yí i sílẹ̀. Báyìí, màá so ó mọ́ láptọ̀ọ̀pù, màá yí wíìlì lọ sókè sódò, màá tẹ bọ́tìnì méjèèjì dáadáa, màá dì í mú fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún lójú ẹni tó ń tà á, kí n tó fi owó ránṣẹ́.