Èrò ọkọ̀, èrò ọkàn

Dánfó ni mò ń wà, Èjìgbò sí Òṣòdì, Òkè-Àfá ni mò ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ọmọ ọdún 11 ni mí ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, tí bọ́ǹbù bú ní bárékè Ìkẹjà tí èrò rọ́ wọ odò Òkè-Àfá. Ewéko bo omi náà, a rò pé ilẹ̀ ni. Mo jáde, àbúrò mi ò jáde. Paraga ni mo wá fi ń pa ẹnu ọjọ́ yẹn dé.

Ìyàwó mi ló wọ́ mi lọ sí ilé ìtọ́jú àdáni kan ní Yábàá (kì í ṣe “Yaba Left” tí ẹ ń rò o). ACT (Acceptance and Commitment Therapy) ni wọ́n ń pe ìtọ́jú náà: kéèyàn gba èrò burúkú láyè láì bá a jà, kó sì máa ṣe ohun tó ṣe pàtàkì sí i. Steven Hayes, ará Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò, torí ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára, tó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè gbé e. Ìyẹn dáa.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló fẹ́ bàjẹ́. Àǹtí tó ń tọ́jú wa ní ká dijú, ká fọkàn ya àwòrán odò tó ń ṣàn, ká máa gbé èrò kọ̀ọ̀kan lé orí ewé. Odò! Àti ewé lórí ẹ̀! Mo fò dìde, ó ku díẹ̀ kí n dé ọ̀dọ̀ ìyá oníparaga. Ṣé kò yẹ kí wọ́n ti béèrè ìtàn mi ná? Mo yọ máàkì níbẹ̀.

Àǹtí yẹn sáré tẹ̀lé mi, ó bẹ̀ mí, ó wá béèrè iṣẹ́ mi. Mo ní dánfó. Ó rẹ́rìn-ín.

“Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ wà nídìí sitiárì. Èrò ẹ̀yìn ń pariwo pé ẹ̀yin lẹ pa àbúrò yín, ẹ yà síbi ọtí. Tẹ́ ẹ bá dúró bá wọn jà, ọkọ̀ ò lọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pariwo. Níbo lẹ̀ ń gbé ọkọ̀ lọ?”

Èrò ọkọ̀, èrò ọkàn. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ìyẹn fún mi. Mo ní ibi tí mò ń lọ ni kí ọmọ mi lè sùn sí mi láyà láì gbóòórùn ọtí.

Ọ̀sẹ̀ 12 ni, owó ẹ̀ sì ga. Mo tún mutí lẹ́ẹ̀kan láàárín ẹ̀, wọn ò lé mi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹni tó máa bá yín pa ọjọ́ burúkú rẹ́ lẹ̀ ń wá, ẹ má náwó yín síbẹ̀. Àbúrò mi ṣì ń wọkọ̀ mi láràárọ̀. Iwájú ló ń jókòó báyìí.